Ìyá Onírú kò jalè: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹgbẹ́ àjọ ọjà wa ní Kétu

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àjọ tí ìyá mi ti ń dá láti ìgbà tí mo wà ní kékeré,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọjà, ẹ kú oòrùn.

Ẹ ò ní í gbàgbé mi. Èmi ni ọmọbìnrin tó máa ń ru igbá irú tẹ̀lé Ìyá Onírú wá sọ́jà, tí ẹ máa ń fún ní àkàrà jẹ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Mo ti di nọ́ọ̀sì báyìí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀ wa níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ ń kọ síta. Ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi, láti ìsọ̀ aláta títí dé ìsọ̀ aláṣọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ tèmi náà síta, kí ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ èyí.

Wọ́n ní ó kó owó àjọ jẹ. Nígbà tí owó jáde, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà á tó fi dá a padà. Nígbà tí wọ́n rí i tó ń wá orúkọ ẹni tó ti mọ̀ fún ogún ọdún tì, wọ́n ní àwọn àgbà ló ń bá a jà, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í rí irú ìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún gbọ́ pé wọ́n ní kó wá búra kó tó lè padà sí ìsọ̀ rẹ̀, àti pé àwọn kan ti ń fi orúkọ rẹ̀ dá orin sílẹ̀ de alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, òru orin tó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ti orin yẹn, oorun mi ò pé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Àìsàn ló ṣe ìyá mi. Àrùn kòrónà mú un, ó sì dé inú ọpọlọ rẹ̀. Èmi ni mo sì kó o wálé.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Bẹ̀nẹ̀, ní Àjàṣẹ́ níbí. Kí oṣù yẹn tó parí, ìjọba ti sé Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú míì mọ́, kò sẹ́ni tó lè wọlé tàbí jáde bó ṣe wù ú. N kò rí ìyá mi fún oṣù púpọ̀. Ní Kétu ebi ọjà lẹ fi mọ ọdún yẹn ju àrùn lọ, torí Nàìjíríà ti ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ 2019, àwọn oníbàárà tí ń gba ọ̀nà Ìlárá wá kò sì wá mọ́. Àrùn kò kan ilé wa nígbà náà.

Oṣù kẹjọ 2021 ni mo wá sílé pẹ̀lú orí fífọ́ àti ara gbígbóná. Mo ní ibà ni. Mo lo oògùn ibà, mo bá ìyá mi sùn nínú yàrá kan fún òru mẹ́ta, a jọ jẹun nínú abọ́ kan. Nígbà tí mo padà sí Àjàṣẹ́, wọ́n ki òwú bọ̀ mí nímú, wọ́n ní kòrónà ni. Kí n tó pe ilé lórí fóònù, òun náà ti dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe, n kò sì ṣe é. Ìyá mi ti dárí jì mí. Mo sọ ọ́ fún yín kí ẹ lè mọ̀ pé n kò wá fi irọ́ gbe ìyá mi lẹ́sẹ̀. Bí ẹnì kan bá jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni.

Ara rẹ̀ gbóná fún ọjọ́ mẹ́rin, ó wúkọ́, ó dìde. Kò dé ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ kejì ó ti padà sọ́jà, ẹ sì kí i kú ewu. Gbogbo wa rò pé ó ti tán.

Imú ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé kò tíì tán. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ṣe ń rí. A ó sè é lóru mọ́júmọ́, a ó gún un, a ó fọ èèpo rẹ̀ dànù, a ó tún un sè, a ó fi ewé bò ó kó lè gbóná fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kò sí aago tí yóò sọ pé ó ti tó. Ẹni tó ń ṣe é ni yóò ṣí ewé díẹ̀, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò sì mọ̀ pé ó ku òru kan, tàbí pé bó bá di ọ̀la ó ti bàjẹ́. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá ni ìyá mi ti ń ṣe èyí. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, ó ṣí ewé, ó tẹ orí kọ́ irú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó pè mí lóru. Ó ní, "Irú mi ò lóòórùn mọ́." Irú ló bá wí. Kò mọ̀ pé imú ni.

Ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e padà. Ẹ ní ọwọ́ rẹ̀ ti yí. N kò dá yín lẹ́bi, irú náà ti kọjá ibi tó yẹ kó dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí imú yẹn. Lókè pátápátá nínú ihò imú, níbi tí ìka kò lè dé, àwọn fọ́nrán iṣan kan wà tí ń gbọ́ òórùn, tí wọ́n sì ń gbé e wọ inú ọpọlọ tààrà. Àwọn fọ́nrán yìí kò dá dúró. Nǹkan mìíràn wà láàárín wọn tí ń gbé wọn ró, tí ń bọ́ wọn, bí igi tí a ń rì mọ́ ẹ̀bá ebè kí ìtàkùn iṣu lè rí ohun gùn. Kòkòrò kòrónà ní ilẹ̀kùn kan tó máa ń bá wọ ara. Ilẹ̀kùn náà pọ̀ lára àwọn igi yẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára ìtàkùn. Nítorí náà igi ló kọlù. Nígbà tí igi wó, ìtàkùn náà wó lulẹ̀, òórùn sì pòórá. Kò sí kátá, imú kò dí, síbẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, igi ń hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òórùn á sì padà. Ti ìyá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin lẹ́yìn àìsàn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i, ṣùgbọ́n ó rùn lódì. Àlùbọ́sà tí wọ́n ń dín ń rùn bí táyà tó ń jóná. Ẹran díndín ń rùn bí òkú. Èyí náà ní ìdí: fọ́nrán tó ń tún ara rẹ̀ ṣe lè ṣìnà, kó gbé òórùn kan lọ síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti ìyá alákàrà lè rántí ọjọ́ tí ìyá mi dìde, tó bì, tó sì fi ìsọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ẹnì kan kọ́kọ́ sọ pé ohun tí obìnrin yìí ń jẹ lóru ló ń bá a jà.

Ẹ̀yin ìyá mi, iná àlùbọ́sà lásán ni.

Lẹ́yìn imú ni ti ìrántí. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé ìyá mi kò kàwé. Orí rẹ̀ ni ìwé àjọ yín. Ogún obìnrin, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kẹ́ kan sẹ́fà tí ẹnì kan ń kó lọ nígbà tó bá kàn án. Ẹni tó san, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó bẹ̀ pé kí wọ́n gba ti òun síwájú nítorí ìsìnkú, orí ló fi ń ká gbogbo rẹ̀, kò sì ṣì í. Mo rí èyí láti kékeré, mo rò pé bí gbogbo ìyá ṣe rí nìyẹn. Lẹ́yìn àìsàn yẹn ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹnì kan léèrè owó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wọ yàrá, ó ń dúró ní àárín rẹ̀, kò mọ ohun tó wá mú. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, orúkọ nǹkan tó fẹ́ dá á sá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Ó dà bíi pé ọyẹ́ wà lórí mi." N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó bá àìsàn náà mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà lẹ́nu dókítà.

Ọjọ́ ọjà kan ní 2022, ó gba owó gbogbo yín tán. Ẹni tí owó kàn kò wá lọ́jọ́ yẹn. Ó kó owó náà sílé, ó kì í sábẹ́ igbá nínú ìkòkò irú tí kò lò mọ́, ó fi ewé bò ó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó dá a lójú pé òun ti fún olówó lówó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń pa irọ́. Ó rí i nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni rí òótọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àbúrò mi fẹ́ fọ ìkòkò, tí owó jábọ́, ọ̀kẹ́ kan géérégé, kò dín kọ́bọ̀. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé. Ojú owó kọ́ ló ń sunkún sí. Ó ní, "Orí mi ti já mi sílẹ̀."

Ọjọ́ yẹn náà ló gbé owó wá fún yín. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú orí ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kòkòrò náà gan-an ló wọ ọpọlọ tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rí tó wà kò fi bẹ́ẹ̀ tọ́ka síbẹ̀. Ohun tí wọ́n rí jù ni pé ara ló gbé ogun dìde sí kòkòrò, ogun náà sì dé inú ilé. Ẹ ronú àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò. Olè wọlé lóru, wọ́n jáde, wọ́n yìnbọn, wọ́n lé e lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó yẹ kí wọ́n gbé ìbọn kọ́. Ọpọlọ náà ní ọdẹ tirẹ̀. Nínú orí àwọn kan tí kòrónà mú, olè ti lọ tipẹ́, àwọn ọdẹ kò wọlé. Wọ́n ṣì ń kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n ń yìnbọn sí òjìji, ará ilé kò sì rí iṣẹ́ ṣe. Àrùn náà tún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Bí èyí tó dì bá tóbi, tó dí ọ̀nà kan nínú orí, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Mo ti tọ́jú ọkùnrin kan tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí apá ọ̀tún rẹ̀ kú nígbà tí ikọ́ kòrónà ṣì ń ṣe é.

Àwọn oníwádìí kan ní Oxford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí ohun kan tó jẹ́ kí n lóye ọ̀rọ̀ ìyá mi. Wọ́n ti ya àwòrán inú orí ọ̀pọ̀ èèyàn kí kòrónà tó dé rárá. Nígbà tó dé, wọ́n pe 785 nínú wọn padà, ẹni ọdún 51 sí 81, wọ́n tún orí wọn yà. Nínú wọn, 401 ni kòrónà ti mú láàárín àwòrán méjèèjì. Ní 2022 wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí jáde: lára àwọn tí àrùn mú, àwọn ibi tó bá òórùn àti ìrántí tan nínú ọpọlọ ti fẹ́lẹ́ ju ti àwọn tí kò mú lọ. Kò pọ̀, 0.2 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Púpọ̀ nínú àwọn 401 yẹn kò sùn nílé ìwòsàn ní ọjọ́ kan, bí ìyá mi náà kò ṣe sùn níbẹ̀. Òórùn àti ìrántí, ẹ̀yin ìyá mi. Ohun méjì tí ìyá mi fi ń jẹun, àárín ilé kan náà ni wọ́n wà nínú orí.

Òun nìkan kọ́. Nínú 236,379 ènìyàn tí wọ́n yẹ ìwé ìtọ́jú wọn wò, púpọ̀ jù nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni wọ́n kọ àìsàn ọpọlọ tàbí ti ọkàn kan sílẹ̀ fún láàárín oṣù mẹ́fà lẹ́yìn kòrónà. Òmíràn ti ní i tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Ní oṣù kẹwàá 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ bí a ó ṣe mọ ẹni tí kòrónà fi àìsàn pípẹ́ sílẹ̀ fún: kí ó ṣì máa ṣe é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí àrùn bẹ̀rẹ̀, kó ti pé oṣù méjì ó kéré jù, kó má sì sí àìsàn mìíràn tó fà á. Ohun mẹ́ta tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó wọ́pọ̀ jù ni rírẹ̀, mímí tí kò tó, àti ọyẹ́ orí yẹn.

Àwọn kan yóò ní ọjọ́ ogbó ló dé. Ọdún 58 ni ìyá mi nígbà náà. Arán ogbó kì í sábà wọlé lóṣù kan, kó sì bá imú wá pọ̀ lójijì. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, kò sí ìtọ̀ ṣúgà, kò sí ibà. Dókítà tó wò ó ní Àjàṣẹ́ sọ ohun tí mo ti fura sí.

Ó kù síbi ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ọmọ Kétu ni mí, n kò ní í ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. A kì í fi àwọn ìyá ṣeré nílẹ̀ yìí. Nítorí wọn la ṣe ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde nígbà tí ìkórè bá parí, tàbí tí ọ̀dá àti àjàkálẹ̀ àrùn bá dé. Ìyá mi kọ́ mi pé ojú Ẹ̀fẹ̀ mọ́lẹ̀, pé kì í kọ orin mọ́ ẹni tí kò ṣe nǹkan. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Orin Ẹ̀fẹ̀ kì í kúrò lára ìdílé. Ọmọ-ọmọ mi yóò máa gbọ́ ọ. Bí àwọn tó ń dá orin bá fẹ́ kọrin, àrùn ni kí wọ́n fi kọ ọ́, èyí tó ń wọ orí èèyàn láì kan ilẹ̀kùn, tí ń sọ olóòótọ́ di olè lójú ará ọjà.

Ní ti ìbúra: ẹ bi ara yín, kí ni yóò fi búra? Yóò ní òun kò kó owó náà pamọ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló fi kó o pamọ́. Yóò ní òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, irọ́ nìyẹn. Kò sí ìbúra tí ẹni tí orí rẹ̀ já sílẹ̀ lè bú tí kò ní í pa á lára. Ẹ má fi èyí kún ìyà rẹ̀.

Ara rẹ̀ ti ń yá, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Kò sí oògùn kan tí a lè lò tí yóò tán. Sùúrù ni, oorun ni, kó má ṣe iṣẹ́ kọjá agbára kó má baà wó lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Fún imú, ọ̀nà kan wà tí wọ́n dán wò ní Jámánì ní 2009, kí kòrónà tó dé rárá: òórùn mẹ́rin, láàárọ̀ àti lálẹ́, kéèyàn máa gbóòórùn ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n tún máa ń ní kéèyàn fi ọkàn rántí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀. Òdòdó róòsì, ọsàn kíkan, kànáfùrù àti ewé eucalyptus ni tiwọn. Ìyá mi fi efinrin rọ́pò òdòdó. Ó ṣe é fún ohun tó lé ní ọdún kan, pẹ̀lú omijé nígbà mìíràn. Ọjọ́ kan ní 2023 ó pè mí, kò sọ nǹkan, mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń mí sínú fóònù. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ń gbọ́ irú." Orúkọ èèyàn ṣì ń sá mọ́ ọn, àárẹ̀ ṣì ń mú un lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n irú tó ń sè nílé báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá tọ́ ọ wò yóò mọ̀ pé òun ni.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn mélòó kan láàárín yín, n kò ní í dárúkọ. Mo mọ̀ pé ẹ ń wo ọ̀rọ̀ ìyá mi, ẹ ń bẹ̀rù, torí ohun kan náà ń ṣe yín. Ẹni tí òòyì ń kọ́ nígbàkúùgbà tó bá dìde dúró. Ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó bí ata láti ìgbà àìsàn yẹn. Ẹni tó ń ka owó oníbàárà lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dá a lójú. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n wo ṣúgà, torí àìsàn mìíràn tó ní oògùn lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ sọ fún wọn pé kòrónà mú yín rí. Bí ojú bá ń tì yín láti sọ ọ́, ẹ pè mí, ìyá mi yóò fún yín ní nọ́ńbà mi. Bí ẹnu ẹnì kan bá sì wọ́, tí apá rẹ̀ kú lójijì, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ gbé e sórí kẹ̀kẹ́ tàbí mọ́tò, ẹ máa lọ.

Èyí tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ kò pọ̀. Kí ẹ dá orúkọ ìyá mi padà ní ibi tí ẹ ti gbà á, ní àárín ọjà, lójú gbogbo èèyàn. Kí ìbúra yẹn má wáyé. Kí ẹlòmíràn máa gba owó àjọ, kí ọmọ yín kan tó mọ̀wé máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo yín, torí kò dáa kí orí ènìyàn kan ṣoṣo máa ru ẹrù ogún èèyàn. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ èyí sí i. Kí òun náà sì máa dá tirẹ̀ bí ọmọ ẹgbẹ́.

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, èmi àti òun yóò wá. Mo máa gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání, òun yóò ru irú. Ibi tó ti ń jókòó, láàárín ìyá alákàrà àti ìyá eléwé, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnì kan sún díẹ̀ fún un.

Èmi ọmọ yín,
Ọmọ Ìyá Onírú